Olúmọ nínú ọyẹ́: ṣé ká gbéra, àbí ká dúró kí ojú ọ̀run là?

Àbíkẹ́ Ìkẹjà

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Màmá mi pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó kọjá. A bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, wọn ò tọrọ aṣọ, wọn ò tọrọ ìnáwó, wọ́n ní ká ṣáà mú àwọn gun Olúmọ. Kékeré ni wọ́n ti mú wọn kúrò l'Ábẹ́òkúta. "Ọmọ Ẹ̀gbá tí kò gun Olúmọ rí" ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ mú wọn lọ nígbà Kérésì. Ẹ̀gbọ́n mi tó lọ lọ́jọ́ kejì ọdún ní kí n má dán an wò, pé èjìká ni wọ́n fi ń ti ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Mo wá ní ká lọ láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, tí kálukú bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àfi bí ọyẹ́ ṣe dé! Láàárọ̀ yìí, mi ò rí gáàtì ilé tó kọjú sí tiwa. Ṣé a ò ní gun òkè tán kó wá jẹ́ eruku la máa wò níbẹ̀? Èmi, màmá àti ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ la jọ ń lọ (màá tọrọ àyè ọjọ́ kan fún un ní iléèwé). A ò ní mọ́tò.

Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀

Ẹ lọ, ẹ má wo ti ọyẹ́. Mo gùn ún lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde kan, mo tún gùn ún lọ́jọ́rú kan nínú oṣù Èrèlé, wọn ò jọra rárá. Lọ́jọ́ ọdún, ìpàkọ́ ẹni tó ṣáájú yín lẹ máa wò dókè. Lọ́jọ́rú yẹn, àwa mẹ́rin péré la wà lórí àpáta, pẹ̀lú ẹni tó ń mú wa kiri.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé téńté òkè ló dùn jù. Inú ihò tí àwọn baba wa sá sí nígbà ogun ló dùn mọ́ mi. Èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, ó sì tutù níbẹ̀ bí ìdí àmù. Àwọn kòtò róbótó róbótó wà lójú òkúta nílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ. Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó ń dán bí inú abọ́ tánńganran. Ẹ wo iye ìgbà tí ọwọ́ ti ní láti yí lórí òkúta kó tó dán bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àjíǹde, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, torí àwọn kan jókòó lé wọn lórí, wọ́n ń jẹ gúgúrú.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Aǹtí Àbíkẹ́, ẹ má tíì dá ọjọ́ kan pàtó. Ọyẹ́ kì í fẹ́ bákan náà lójoojúmọ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń wá láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan gbẹ sí láyé àtijọ́. Ìyẹn ló ṣe kúnná bí ẹ̀lùbọ́ yẹn: ìsàlẹ̀ omi tó ti gbẹ ni. Ìparí oṣù Bélú títí wọ oṣù Ẹrẹ́nà ni àsìkò rẹ̀, àmọ́ ìgbì ìgbì ló ń wá. Ìgbì kan á dé, oòrùn ọ̀sán á dà bí òṣùpá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan eruku á rọlẹ̀, ojú ọ̀run á là díẹ̀, kí òmíràn tó tún gbéra. Ọjọ́ tó bá là yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Bí èmi ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé. Òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan wà lẹ́yìn ilé mi n'Íbàrà, kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mi. Bí mi ò bá rí orí rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, mo mọ̀ pé òrùlé tó wà lábẹ́ Olúmọ gan-an lẹni tó bá wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà máa rí mọ. Bí mo bá rí i, onítọ̀hún á rí odò Ògùn. Ẹ wá ẹnì kan l'Ábẹ́òkúta níbí tẹ́ ẹ lè pè kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ojú ọ̀run Ìkẹjà kò lè ròyìn tibí fún yín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi òtútù dẹ́rù bà yín. Mítà 137 ni Olúmọ fi ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, kì í ṣe Òbúdù. Ìdájí nìkan ló ń tutù. Tó bá di ọ̀sán gangan, òkúta yẹn á gbóná débi pé ọmọ yín ò ní fẹ́ gbọ́wọ́ lé e. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí mọ́kànlá ni kẹ́ ẹ fi gùn ún.

Ayàwòrán Pánṣẹ́kẹ́

Tíṣà, ẹ má bínú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni o. Ẹni tó bá ti ya fọ́tò nínú ọyẹ́ nírọ̀lẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Kò sí òjìji dúdú lójú ẹnikẹ́ni, eruku ti sẹ́ ìmọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ògì. Awọ ara màmá á dán bí idẹ. Kẹ́ ẹ ṣáà di fóònù yín sínú ọ̀rá títí ẹ ó fi fẹ́ lò ó, kẹ́ ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sójú kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó nù ún. Ẹni tó bá fi etí aṣọ nù ún gbẹ, eruku yẹn á ha á.

Dérébà Kútọ̀

Ẹ̀yin oníìrọ̀lẹ́, ta ló máa gbé ìyá arúgbó padà sí Èkó lóru nínú eruku? Fọ́tò yín á dára, ìyẹn tẹ́ ẹ bá délé. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nínú ọyẹ́ èṣí, tírélà kan dúró sójú ọ̀nà láìtan iná ẹ̀yìn. Ìgbà tó kù bí ọ̀pá mẹ́wàá ni mo tó rí i. Gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì ló pe Jésù àti Allah pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí mo dé gáréèjì.

Aǹtí, láti Ìkẹjà, ọ̀nà mẹ́ta lẹ ní. Ẹ lè lọ sí Berger kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, tó máa yà ní Ṣágámù, tó gba Síun wọ Kútọ̀. Èyí tó gba Sángo àti Ifọ̀ kúrú lójú àwòrán ilẹ̀, àmọ́ mi ò ní fi ìbàdí màmá ẹni dán an wò. Ẹ̀kẹta ni rélùwéè. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Agége, kò jìnnà sí yín. Ibi tó máa sọ̀ yín sí l'Ábẹ́òkúta ni Ládẹ̀rìn, ilé ọkọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ. Ó jìnnà sáàárín ìlú o, ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ takisí wálé. Ìgbà mélòó kan péré ló ń rìn lójúmọ́, nítorí náà ẹ wo àkókò àlọ àti àbọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èmi dérébà bọ́ọ̀sì ni mò ń sọ èyí: fún màmá, rélùwéè ni.

Tẹ́ ẹ bá ti débí, ẹ sọ fún oní-takisí pé Ìkìjà, lẹ́nu ọ̀nà Olúmọ, kẹ́ ẹ sì ná owó kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ mú owó kéékèèké dání.

Bàbá Ìjàyè

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ó dùn mọ́ mi nínú pé kò tíì sẹ́ni tó pè é ní "Olumo Rock" níbí.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ kì í ṣe àsìkò àtigun Olúmọ. Àsìkò wo wá ni? Ọdún 1830 ni àwọn baba wa dé abẹ́ òkúta yìí, tí Sódẹkẹ́ ṣáájú wọn. Láyé ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀rùn ni ogun ń jà. Wọ́n ti kórè oko, ọ̀nà ti gbẹ, odò ti fà. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1851 ni àwọn ará Dàhòmì wá gbógun tì wá, oṣù Ẹrẹ́nà náà ni wọ́n tún padà wá ní 1864. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì la lé wọn. Ẹ wo oṣù tí wọ́n yàn. Odò Ògùn tó ń gbé èèyàn lọ nígbà òjò, wọ́n mọ ìgbà tí kò lágbára.

Nítorí náà, Àbíkẹ́ ọmọ mi, bí o bá gòkè tí o wo apá ibi tí odò wà, tó jẹ́ kúrukùru nìkan lo rí, má ṣe sọ pé o ò rí nǹkan kan. Ohun tí ẹni tó ń ṣọ́nà lórí òkúta náà rí nìyẹn, pẹ̀lú ọkàn tó ń lù kìkì. Mú ọmọ náà dúró síbẹ̀, kí o bi í pé bí ogun bá ń bọ̀ lónìí, báwo ló ṣe máa mọ̀?

Ohun kan kù. Àwọn ìyá àgbà wà níbi ojúbọ. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ má kàn gbé fóònù sójú wọn, ẹ tọrọ àyè ná, kẹ́ ẹ sì ki nǹkan bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ pẹ́ fún wa.

Nọ́ọ̀sì Àsérò

Èmi ò dá sí ti ogun, orókún màmá ló kàn mí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà dókè: ẹ̀rọ agbéniròkè, àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́, àti ọ̀nà àtijọ́ tó ń gba àárín àpáta. Ẹ jẹ́ kí àtẹ̀gùn wà lọ́kàn yín láti ilé, tí ẹ̀rọ bá wá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé oore ni. Kí wọ́n máa sinmi kó tó rẹ̀ wọ́n, kì í ṣe ìgbà tó bá rẹ̀ wọ́n tán. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe máa ń lò ó. Àwọn kan á fò ó torí wọn ò fẹ́ máa tọ̀ lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, rárá.

Omi! Ọyẹ́ máa ń tan èèyàn jẹ. Òógùn ń gbẹ lára yín kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn, òùngbẹ ò sì ní gbẹ yín bíi ti ìgbà ooru. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ike omi tirẹ̀, kẹ́ ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi tíntínní pa ihò imú ọmọ, torí inú imú wọn ń gbẹ, ó ń là, ẹ̀jẹ̀ á wá dà. Bó bá dà, ẹ má ṣe jẹ́ kó gbójú sókè o! Kó tẹríba síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ fún ibi tó rọ̀ ní imú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò.

Ẹni tó bá ní ásímà, kó mú inhaler rẹ̀ dání, kó má fi í sínú mọ́tò. Ẹni tó bá jẹ́ SS, òtútù ìdájí àti àìmomi tó lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. Kó wọ súwẹ́tà, kó dúró kí oòrùn yọ dáadáa kó tó jáde.

Gùnkègùnkè

Ìgbà òjò ni kẹ́ ẹ dúró dè, ohun gbogbo á tutù yọ̀yọ̀, ẹ ó sì rí ìlú dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀

Pẹ̀lú màmá ẹni àádọ́rin? Nígbà òjò, èéhù aláwọ̀ ewé máa ń bo òkúta, á máa yọ̀ bí ilá. Nínú ọyẹ́ òkúta gbẹ. Ẹ ṣáà ṣọ́ ibi tí yanrìn wẹ́wẹ́ bá kó jọ sí lójú ibi tó dán, ìyẹn náà ń yọ èèyàn.

Gùnkègùnkè

Mo gbà. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń yún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Olúmọ, Adó-Àwáyè wà lápá Ìsẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, 369 ni àtẹ̀gùn rẹ̀, adágún Ìyákẹ́ wà lórí òkè. Ìdànrè ńkọ́? Àtẹ̀gùn tirẹ̀ lé ní 600. Ẹ má mú màmá dé ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àbíkẹ́ Ìkẹjà

Ẹ ṣé gan-an ni. Kí la máa wọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀

Súwẹ́tà tẹ́ ẹ lè bọ́ so mọ́dìí tó bá di aago mọ́kànlá. Bàtà kánfáàsì. Fìlà abetí-ajá fún ọmọ, kó lè fa etí rẹ̀ bo etí. Màmá á mọ bí wọ́n ṣe máa wé gèlè wọn. Mo ti rí ẹni tó wọ bàtà gogoro gun Olúmọ o. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Aláró Ìtókù

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ ò mẹ́nu ba Ìtókù, ọjà àdìrẹ! Ìsàlẹ̀ òkúta yín níbí ni.

Ọyẹ́ tẹ́ ẹ ń sá fún yìí, àsìkò tiwa ni. Nígbà òjò, mo lè rẹ aṣọ kó lo ọjọ́ méjì lórí okùn, kí n máa sáré kó o wọlé, kí n tún máa kó o síta. Nínú ọyẹ́, kí n tó jẹ làfún mi tán ó ti gbẹ bíi páànù. Ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń raṣọ ò mọ̀ nìyí: ẹ̀kọ tí a fi ń ya ọnà sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, ó ń yára gbẹ, á wá máa là wẹ́wẹ́. Tá a bá rì í sínú aró, aró á gba ojú ibi tó là wọlé. Ẹ ó rí ìlà tíntìntín káàkiri ọnà náà, bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà. Àwọn kan rò pé àbùkù ni, wọ́n á ní kí n dín owó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, òun ló ń wá kiri.

Láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjà dá, owó àwọn èèyàn ti tán nínú ọdún. A ó gbà fún yín ju bá a ṣe gbà nígbà Kérésì. Ṣùgbọ́n ẹ yí aṣọ padà kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun tí iwájú dúdú, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọwọ́ aláró.

Kẹ́ ẹ dé ilé, omi tútù àti iyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, LỌ́TỌ̀. Mo tún un sọ: lọ́tọ̀.

Àbíkẹ́ Ìkẹjà

A ti lọ, a ti bọ̀ o! Ẹ̀ẹ̀mejì la sún un síwájú. Àbúrò ọkọ mi tó wà l'Ádátán ni mò ń pè láràárọ̀, títí tó fi ní òun ti rí òkè tó wà lẹ́yìn iléèwé kan tí òun ò rí láti ọjọ́ mẹ́ta. A wọ rélùwéè ní Agége. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ládẹ̀rìn.

Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní àwọn ò kúrò l'Ékòó wá kí wọ́n wá ti àwọn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àtẹ̀gùn la gbà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sinmi, mo kà á. Àwọn àlejò mìíràn tá a bá níbẹ̀ ò ju méje lọ. Nínú ihò, màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́n sì ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan nínú àwọn kòtò tí Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀ sọ. Wọ́n ń yí ọwọ́ wọn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ata, wọ́n ní èyí kéré sí ọlọ ìyá àwọn. Kò sẹ́ni tó lé wa, kò sẹ́ni tó ń tì wá lẹ́yìn. A pẹ́ níbẹ̀ ju orí òkè lọ.

Lókè, a ò rí odò. Àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n, ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ẹni tó mú wa kiri ní ti Aké ni, tó ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán bí òjìji, ó tán. Mo bi ọmọ mi ní ìbéèrè Bàbá Ìjàyè. Ó ronú títí, ó ní òun á máa wo àwọn ẹyẹ: tí wọ́n bá ṣàdédé fò jáde nínú kúrukùru, ogun ti dé. Nọ́ọ̀sì, ó kọ̀ kò jẹ́ kí n fi òrí pa òun nímú, ẹ̀jẹ̀ sì dà níbi tá a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí, ó dá.

Àdìrẹ tá a rà, ọ̀pá márùn-ún, ó ní àwọn ìlà tẹ́ ẹ sọ yẹn, Ìyá Aláró. Wàhálà kan ló wà. Àárẹ̀ mú mi, mo gbàgbé, mo dà á pọ̀ mọ́ aṣọ iléèwé ọmọ mi. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aró ń ṣí?

Bàbá Ìjàyè

Ẹyẹ! Ọmọ yẹn gbọ́n. Ẹ bá mi kí i.

Ìyá Aláró Ìtókù

Mo wí àbí mi ò wí? Kò ní ṣí mọ́, ẹ má fi ọṣẹ bọ́ ara yín lọ́wọ́. Ẹ kó ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì wá, ẹ jẹ́ n kúkú rẹ ìyókù rẹ̀ fún un.